Ìdáhùn sí Lẹ́tà Òǹkàwé: Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Sọ Tiwọn Kí Ẹ Tó Sọ Tiyín

Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan ní Ògìdì, níjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú. Mò ń gbàdúrà, mò ń gbààwẹ̀, mo sì máa ń kọ gbogbo ètò wa sórí WhatsApp kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun ò gbọ́. Síbẹ̀, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í sọ nǹkan kan nípàdé. Ìta ni mo ti ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Láìpẹ́ yìí, mo ní Ọlọ́run ti fún mi ní ọjọ́ tí a ó ṣe ìpàdé ìta gbangba. Gbogbo wọn ṣe "Àmín". Ọ̀sẹ̀ ọdún iṣu tuntun ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Wọ́n mọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Àga ṣófo. Mo bá wọn wí lórí WhatsApp, mo sì dárúkọ ọmọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, torí ó pẹ́ dé. Láti ìgbà náà kò wá mọ́, àwọn méjì sì ti tẹ̀ lé e. Kí ni kí n ṣe?
— Olùdarí tí ọ̀rọ̀ rú lójú

Òkun o, ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹ kú wàhálà iṣẹ́ Olúwa. Ẹ ní gbogbo ètò ni ẹ máa ń sọ fún wọn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wá inú lẹ́tà yín títí, n kò rí ibi tí ẹ ti bi wọ́n léèrè nǹkan kan.

"Àmín" tí wọ́n ṣe yẹn, ẹ má kà á sí pé wọ́n fara mọ́ ọn. Ọmọ Ìjùmú tí a tọ́ dáadáa kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu. Bí àgbà náà bá wá ní Ọlọ́run ló rán òun, ta ni yóò dìde sọ pé, "Pásítọ̀, ọ̀sẹ̀ iṣu nìyẹn o"? Yóò dà bí ìgbà tó ń bá Ọlọ́run jiyàn. N kò sọ pé Ọlọ́run kì í bá yín sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ náà lè ti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ wá, kí ọjọ́, pápá, owó ọkọ̀ àti iye àga sì jẹ́ ohun tí ẹ jọ máa jókòó sọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ẹ tún Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 15 kà, kí ẹ fojú olùdarí kà á. Ọ̀rọ̀ líle ni wọ́n gbé dé Jerúsálẹ́mù: ṣé dandan ni kí a kọ àwọn Kèfèrí tó gbàgbọ́ nílà? Wọ́n jiyàn gan-an. Pétérù sọ tirẹ̀, Bánábà àti Pọ́ọ̀lù ròyìn ohun tí ojú wọn rí, ìjọ sì dákẹ́ gbọ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n sọ tán ni Jákọ́bù tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n tó dárúkọ Ẹ̀mí Mímọ́ nínú ìwé tí wọ́n kọ. Wọn kò sì fi ìwé náà nìkan ránṣẹ́ sí Áńtíókù. Wọ́n fi Júdà àti Sílà tẹ̀ lé e kí wọ́n lè fẹnu ṣàlàyé. WhatsApp dára fún aago ìpàdé àti ibi tí ọkọ̀ yóò ti gbé wa. Ìbáwí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibẹ̀.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gbé ìbáwí gba ibòmíràn ti ṣẹlẹ̀ rí lórí iṣẹ́ tó sún mọ́ wa. Lókọ́ja wà lára ibi tí Samuel Ajayi Crowther dá ibùdó ìhìnrere sílẹ̀ sí lójú odò Ọya. Wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fọ́n ká títí dé Bonny létí òkun, ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò ló sì máa ń wọ̀ lọ bẹ̀ wọ́n wò, kò lè máa rí wọn déédéé. Ní 1880, J. B. Wood, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ Church Missionary Society (CMS), kọ ìròyìn kíkan nípa àwọn òṣìṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù láìkọ́kọ́ bá bíṣọ́ọ̀bù sọ ọ́. Ní oṣù kẹjọ 1890, nípàdé ìgbìmọ̀ kan ní Oníṣà, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì dá àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, baba tó ti lé ní 80 ọdún. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú. Àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ náà ṣẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n títí dòní ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ń dùn mí.

Nítorí náà, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ sílé ọmọkùnrin yẹn. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Mo dárúkọ rẹ lójú gbogbo èèyàn, kò sì yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú. Kí ló dá ọ dúró lọ́jọ́ náà?" Kí ẹ wá dákẹ́. Bó bá sọ ohun tó kan yín lára, ẹ má gbèjà ara yín, ẹ má sì yára sọ pé ká gbàdúrà. Ibi tí ẹ ti dójú tì í ni kí ẹ ti tọrọ àforíjì pẹ̀lú: ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp yẹn kan náà.

Nípàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí èyí tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí tiyín kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi ń ṣèpàdé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èdè Ìjùmú sọ tinú wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó dùn wọ́n. Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?" torí "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni ẹ ó gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí ló lè dí wa lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn?" Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ohun tí kò dùn yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Mo bẹ̀ yín, bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìwàásù. Bí ẹ bá lù ú láti orí pẹpẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní sọ òótọ́ fún yín mọ́.

Ní ti àwọn méjì yòókù, wọ́n lè má padà. Ẹ lọ bá wọn síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti darapọ̀ mọ́ ìjọ mìíràn ní Kàbà, ẹ súre fún wọn, ẹ má bẹ̀ wọ́n padà. Ẹ kàn béèrè ohun tí wọ́n ti ń fẹ́ sọ fún yín tí àyè rẹ̀ kò yọ, kí ẹ sì jókòó pẹ́ tó láti gbọ́ ọ tán.