Àpótí Ìmọ̀: Ọ̀rá Tó Yí Ìfun Ìdí Ká

Ní 1908, Ernest Miles, oníṣẹ́ abẹ ará Ìlú Ọba, ṣàlàyé bí a ṣe lè gba ikùn àti ìdí wọlé láti gé ìfun ìdí tí jẹjẹrẹ ti bà jẹ́. Ihò ìdí a bá a lọ. Inú àpò tí a lẹ̀ mọ́ ikùn ni aláìsàn yóò máa yàgbẹ́ sí títí ayé. Síbẹ̀, jẹjẹrẹ a tún máa hù padà níbi tí wọ́n ti gé e.

Kí ló fà á? Ní 1982, Bill Heald, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Basingstoke, tọ́ka sí ọ̀rá tó yí ìfun náà ká: ibẹ̀ ni èérún jẹjẹrẹ ń fara pamọ́ sí. Ó ní kí a yọ ọ́ ní odindi, kí awọ tó bò ó má ya rárá. Sùúrù ọwọ́ yìí ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là.

Bí kókó jẹjẹrẹ bá ti tàn kọjá ògiri ìfun, abẹ nìkan kì í sábà tó. Ìtànṣán àti oògùn ló máa ń ṣáájú kí kókó lè súnkì. Ní São Paulo, oníṣẹ́ abẹ Angelita Habr-Gama rí àwọn tí kókó tiwọn pòórá pátápátá lẹ́yìn ìtọ́jú yìí; dípò kó gé wọn, ó ń ṣọ́ wọn. Ẹni tí kò bá ní lè máa wá fún àyẹ̀wò déédéé, kò yẹ kó yan ọ̀nà yìí.