Pákó, Ìṣó àti Bátìrì Mẹ́ta: Lẹ́tà sí Ọmọ Wa ní Àgọ́-Ìwòyè

Ọmọ wa ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ bàbá rẹ tó wà ní Japara, Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ́wọ́, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú rẹ̀ dùn gidigidi pé ọmọ ilé rẹ̀ ń tú rédíò tó ti kú, tó sì ń béèrè ohun tó pa á. Ṣùgbọ́n owó bátìrì mọ́tò àti èèlò ínfátà tí o ní kó fi ránṣẹ́, kò ní fi ránṣẹ́. Pálí yìí ló fi rọ́pò rẹ̀: àjákù pákó kan, ìṣó mẹ́fà, bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, gílóòbù LED pupa kan, rẹ̀sísítọ̀ kan, wáyà díẹ̀, àti mítà kékeré tí àwọn rewáyà fi ń wọn iná.

Má fojú tẹ́ńbẹ́lú pákó náà. Sọ́míìlì ni wọ́n ti gbé e wá. Ẹni tó bá ń wá àjákù pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò níí rìn jìnnà. Nígbà tí rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, orí pákó tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì ni àwọn tó ń tò ó nílé máa ń kan èèlò wọn mọ́. Ibẹ̀ ni pátákó oníke oníhò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà lóde òní ti jogún orúkọ breadboard.

Iná bátìrì dà bí ẹni tó jáde nílé tó gbọ́dọ̀ padà wọlé. Orí bátìrì ló ń gbà jáde, ìdí rẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ibi tí wáyà bá ti já lójú ọ̀nà, ìrìn náà parí síbẹ̀, ì báà ku bí irun orí kó kan ara wọn.

To bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn, orí sí ìdí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì kan ààbọ̀, àpapọ̀ wọn jẹ́ 4.5. LED pupa kò nílò ju nǹkan bíi 2 lọ. Bí o bá so ó mọ́ bátìrì lásán, yóò jóná. Rẹ̀sísítọ̀ ni yóò gba 2.5 tó kù dúró. Wo ara rẹ̀ dáadáa: ìlà pupa, ìlà pupa, ìlà búráùn. Pupa jẹ́ 2, pupa kejì jẹ́ 2, búráùn ní kí o fi òdo kan tì í: 220 óòmù. Fi 220 pín 2.5, wàá rí i pé iná tó ń kọjá kò ju nǹkan bíi miliámpì 11 lọ, LED náà á sì gbà á láìsí wàhálà. Georg Ohm, olùkọ́ ìṣirò ará Jámánì, ló tẹ òfin tí ìṣirò yìí dúró lé jáde ní 1827. Ẹsẹ̀ LED tó gùn ni kó kọjú sí orí bátìrì. Wé wáyà mọ́ ìdí ìṣó kó le dáadáa, nítorí wáyà tó mì ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Kelvin Doe, ọmọ Freetown ní ilẹ̀ Sàró tí wọ́n bí ní 1996, kò ní ju èyí lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ààtàn ló ti ń ṣa èèlò. Ó da ásíìdì, sódà àti irin sínú agolo, ó fi téèpù wé e, ó fi ṣe bátìrì, lẹ́yìn tí àwọn bátìrì tó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ tí wọn kò ṣiṣẹ́. (Ti ásíìdì yẹn, má dán an wò.) Ó to ilé iṣẹ́ rédíò FM kékeré, ó ń pe ara rẹ̀ ní DJ Focus lórí afẹ́fẹ́. Ní 2012, yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà pè é wá. Ní Lomé ní Tógò, ọdún tó tẹ̀ lé e, Afate Gnikou fi àlòkù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà to 3D printer, ẹ̀rọ tó ń fi ike yíyọ́ mọ nǹkan.

Iná NEPA ńkọ́? Ó di èèwọ̀ fún ọ ná. 230 fóltì ju àádọ́ta ìlọ́po bátìrì rẹ lọ. Má tú tẹlifíṣàn pẹ̀lú: kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè di iná tó ju 300 fóltì mú lẹ́yìn tí o ti yọ ọ́ lára iná. Bàbá rẹ ń bẹ̀ ọ́ lórí èyí, kì í ṣe àṣẹ nìkan.

Bí LED bá ti tàn, yí bátìrì kan padà, kí ìdí rẹ̀ wà níbi tí orí wà. Fi mítà wọn gbogbo rẹ̀, kí o kọ iye tó bá sọ àti ohun tí LED bá ṣe sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, yọ bátìrì kan kúrò pátápátá, kí o tún wọ̀n ọ́n.

Kó ìwé náà dání wá sí Japara nígbà ọlidé. Rédíò bàbá àgbà ṣì wà níhìn-ín. Bàbá rẹ ló pa á nígbà tó wà lọ́mọdé: ó ki bátìrì bọ̀ ọ́ lódìlódì, ó sì sọ fún wọn nílé pé ó ṣàdédé dákẹ́ ni. Kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u láti ìgbà náà. Ó ti nù ún, ó ti gbé e sórí tábìlì, ó ń dúró dè ọ́.

Bàbá rẹ,
Japara, Ìjẹ̀bú-Igbó.