ÌWỌ̀FÀ TÍ KÒ NÍ ORÚKỌ MỌ́

Ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ó ní ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù àti ọmọ iṣẹ́

Ní ọjọ́ kan mo wọ ilé olóúnjẹ kan ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀ wa níhìn-ín, láti jẹ iyán. Ọmọbìnrin tí ó gbé àwo wá sọ fún mi pé ọmọ ọdún 19 ni òun, àti pé ọ̀nà Kútọnu ni òun ti wá. Mo bi í léèrè iye tí a ń san fún un ní oṣù. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ìyá olóúnjẹ ń gbọ́, ó sì dáhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, “Wọn kò tíì sọ fún mi, sà.” Oṣù 16 ni ó ti lò níbẹ̀. Iyán náà kò lọ ní ọ̀fun mi mọ́.

Èmi kò lè jókòó kí n máa dá ìyá náà nìkan lẹ́bi, nítorí ọ̀ràn náà kàn mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin kan mú ọmọdékùnrin kan wá sí ilé wa láti máa ràn wá lọ́wọ́. Ó gba owó ọdún kan lọ́wọ́ mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. A bọ́ ọmọ náà, a rán aṣọ fún un, a sì rò pé oore ni a ń ṣe. Nígbàtí ọdún yípo, tí ọkùnrin náà padà wá gba owó mìíràn, ni ìyàwó mi bi ọmọ náà bóyá owó ti ìṣáájú dé ọwọ́ ìyá rẹ̀. Kò mọ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti dé, kò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ rí. Oṣù méjì ni a fi wá obìnrin náà kí a tó rí i, kọ́bọ̀ kan kò sì dé ọwọ́ rẹ̀. A san owó náà lẹ́ẹ̀kejì, fún òun tìkára rẹ̀, a sì dá ọmọ rẹ̀ padà kí ó lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Èmi tí mo ń gun àga ìwàásù ni mo ṣe èyí o!

Àwọn bàbá wa mọ ohun tí ó jọ èyí, wọ́n sì pè é ní ìwọ̀fà. Bí ẹnìkan bá yá owó, a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn olówó. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé, ojú owó kò sì dín títí a ó fi san án. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, ẹni tí ó kú ní ọdún 1901, ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé Ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ó fi hàn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, àti pé ọjọ́ tí a bá san owó náà ni ìsìn parí. Kì í ṣe pé mo ń yin àṣà náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó fi ìgbà èwe wọn ṣòfò sí orí gbèsè tí wọn kò jẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà àtijọ́ mọ iye gbèsè náà, ẹbí rẹ̀ sì mọ ilé tí ó wà. Èwo nínú méjèèjì ni ọmọbìnrin ti Lágere mọ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ọ̀nà jíjìn ni ìwà yìí wà. Ní ọdún 2003, a kó àwọn ọmọdé tí ó ju 200 lọ kúrò ní ibi tí a ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, a sì dá wọn padà sí ilẹ̀ Benin tí a ti kó wọn wá. Abẹ́òkúta kan náà ni Àjàyí Crowther ti tún rí ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n ní Òṣogùn ní 1821. Àwọn baba wa wí pé ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa kò dákẹ́. Ìwé Òfin Ìlú ti 1999, ní ìpín 34, kọ oko ẹrú àti iṣẹ́ àfipáṣe. Ní 2003 ni ìjọba dá ẹgbẹ́ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn tí ń kó ènìyàn ṣòwò. Òfin wọn ti 2015 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6 sì ni èrè rẹ̀. Òfin iṣẹ́ sì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó gba òṣìṣẹ́ fún un ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù mẹ́ta. Ṣé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni ó kàn? Rárá, ó kan olóúnjẹ, alágbàfọ̀ àti onídìrí pẹ̀lú.

Èyí tí a máa ń gbọ́ jùlọ ni, “Mo ń bọ́ ọ, mo sì ń wọ̀ ọ́ láṣọ.” Nígbàtí Àjàyí wà ní oko ẹrú, a fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Ẹṣin náà pẹ̀lú ń jẹ koríko. Oúnjẹ kì í ṣe owó ọ̀yà.

Nítorí náà, ẹ wo ṣọ́ọ̀bù yín wò. Tani ẹ ń san owó fún? Bí ó bá jẹ́ éjẹ́ńtì, ẹ ti ṣí ìlẹ̀kùn fún jìbìtì. Ọwọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ni kí owó bọ́ sí, ní oṣooṣù, kí ó má jẹ́ pé ẹ ó gbé e pamọ́ di Kérésìmesì. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, ọjọ́ tí ó dé àti ohun tí ó gbà sí i, kí òun náà sì ní irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìdè a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí owó ọkọ̀ tí ó gbé e wá, lẹ́yìn náà owó aṣọ, lẹ́yìn náà àwo tí ó fọ́, títí gbèsè yóò fi ga ju owó iṣẹ́ lọ. Ẹ má gba fóònù rẹ̀. Ẹ má ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn ní òru. Bí ó bá sì fẹ́ lọ, kí ó lè lọ.

Ẹnìkan lè bi mí nípa ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kì í gba owó. Ti òun yàtọ̀, bí a bá ń kọ́ ọ níṣẹ́ ní tòótọ́, tí òbí rẹ̀ mọ àdéhùn, tí a sì mọ ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti lo ọdún mẹ́ta tí ó ń pọn omi, tí kò tíì di abẹ́rẹ́ mú, kí ni ó ń kọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ máa ń tètè rí i: ọmọ tí ń sùn ní kíláàsì ní ojoojúmọ́, tí kò lè dárúkọ ìyá rẹ̀, tàbí tí ó ń kiri ọjà nígbàtí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í léèrè ní ibi tí ọ̀gá rẹ̀ kò sí. Bí ọ̀ràn náà bá ju agbára yín lọ, nọ́ḿbà 627 ni a fi ń pe NAPTIP.

Mo padà sí ilé olóúnjẹ náà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyá náà bínú ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mú ọmọ náà wá ni òun ń san owó sí, àti pé kí èmi gbájú mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Mo sọ ti ọmọdékùnrin ilé wa fún un. Ó dákẹ́ pẹ́. Láti ìparí oṣù náà ni ó ti ń fi owó lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, ó sì ti bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ti oṣù 16 tí ó ti kọjá, a ṣì ń sọ ọ́.