Kí O Tó Kun Ìjàpá Rẹ, Ká Rọ́ọ̀gì Rẹ̀ Wò

Àbúrò mi, sún mọ́ mi, kí n sọ àṣírí kan fún ọ. Ọkọ̀ Ìjàpá (Volkswagen Beetle) tí o ń rí tó ń dán níwájú ilé mi ní Kétu yìí, mo ti náwó rẹpẹtẹ sí ọ̀dà ara rẹ̀, mo sì ti pààrọ̀ aṣọ ìjókòó, síbẹ̀ n kò ká rọ́ọ̀gì rẹ̀ wò rí. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, omi ta sí mi lójúgun láti abẹ́. Mo dúró, mo ká rọ́ọ̀gì sókè, àfi bí mo ṣe rí ọ̀dà títì Ìkòròdú kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Torí náà, kí o tó pe pẹ́ńtà, mú sukudíráfà, kó o fi ìdí rẹ̀ máa kan ilẹ̀ ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí irin ṣì le, á dún ketekete. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ á dún bíi páálí. Wá fi ẹnu sukudíráfà tì í. Bó bá wọlé, ibẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni bátìrì Ìjàpá ń gbé, omi ásíìdì rẹ̀ kì í sì í ṣàánú irin. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ìlú wa ló jẹ́ pé ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, ni wọ́n ti tò ó. Wọ́n ti dàgbà, ẹ jẹ́ ká kẹ́ wọn.

Àwa ará Kóṣọ́fẹ́, tí Kétu wà nínú rẹ̀, sì tún ní ti omi tiwa. Ní October 2010, tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, odò Ògùn kún bo Ajégúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12. Bí ọkọ̀ rẹ bá ti wọ irú omi bẹ́ẹ̀ rí, fóòmù abẹ́ rọ́ọ̀gì á mu ún, á sì máa rin irin náà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí títì ti gbẹ. Èmi ti kó fóòmù dànù. Rọ́bà lásán ni mo tẹ́, bí òjò bá sì ti dá, orí okùn aṣọ ni mo ń sá a sí.

Paneli-bítà lè sọ pé, “Màdáámù, ẹ jẹ́ ká kàn lẹ̀ ẹ́.” Jọ̀ọ́, má gbà. Mo gbà nígbà àkọ́kọ́, wọ́n jó páànù kékeré lé èyí tó ti jẹrà, kò sì pé ọdún kan tó tún ya. Ní kí wọ́n gé e títí wọn á fi kan irin tó ń dán.

Òwódé Onírin kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni kó o ti ra páànù. Geéjì 18 ni mo lò. Ṣùgbọ́n má ra èyí tí wọ́n fi síńkì bò, torí èéfín rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jó o máa ń mú kí ara èèyàn gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Fi páálí gé àwòrán ibi tó bàjẹ́ kó o tó gé irin. Èyí ló dín ìnáwó mi kù jù!

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o, ẹ kó ìjókòó jáde, ẹ tú bátìrì, ẹ fa epo inú táǹkì, torí iwájú níbi ẹsẹ̀ awakọ̀ ni táǹkì Ìjàpá wà. Gbé apaná àti garawa iyanrìn kan sítòsí.

Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí wọ́n gé lẹ́ẹ̀kan o, àbúrò mi. Bí wọ́n bá gé méjèèjì pọ̀, ara ọkọ̀ lè wọ́, ilẹ̀kùn ò sì ní tì mọ́. Kí wẹ́dà máa jó o ní tótó-tótó, kó jó ibí, kó fo lọ sí ọ̀hún, kí ooru má baà ká páànù kò. Bí wọ́n bá ti ṣe díẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn, kó o tún tì í. Kó o tó jẹ́ kí wọ́n gé irin tí ìjókòó ń yọ̀ lé, wọn ibi tó wà, kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò kọ ọ́, ọjọ́ méjì gbáko la fi wá a.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ó, ẹ kùn ún ní red oxide nínú àti lóde, ẹ dí ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, kẹ́ ẹ tó fi ọ̀dà dúdú pa abẹ́ rẹ̀. Ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde, ẹ má dí i.

Bó o bá ń lọ sí Òwódé lọ́jọ́ Sátidé, yà kó o gba páálí tèmi. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, mo ti kọ “ọ̀tún” àti “òsì” sí i lára.