Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ WỌ́N TI Ń PÍN IṢẸ́ FÚN KỌ̀ǸPÚTÀ BÁŃKÌ, ÀTI BÍ Ó TI KAN ỌJÀ WA



Kò sí ọlọ́jà tí yóò tètè gbàgbé oṣù kejì ọdún 2023. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ ti kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó náírà 200, 500 àti 1,000. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kéṣì ti di ohun àwátì. Fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sanwó. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé: báńkì yọ owó oníbàárà, alert kò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà. Oníbàárà ní òun ti san, ọlọ́jà ní òun kò rí nǹkan kan. Ìjà dé láàárín àwọn tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò purọ́. Kí ni ó fà á?

Ẹ fi ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ wò ó. Bí akọ̀wé kan ṣoṣo bá ń gba owó, ogún ènìyàn kò ní í wúwo fún un. Bí ẹgbẹ̀ta bá dé lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ìlà yóò gùn dé títì, àwọn kan yóò sì bínú lọ. Bí a ra tábìlì ńlá fún akọ̀wé náà, kò lè tán ọ̀rọ̀. Ohun tí a ó ṣe ni pé kí a fi akọ̀wé mẹ́rin jókòó, kí ẹnì kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa wí pé, “Màmá, ẹ lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé kejì, Bọ̀dá, ẹ lọ sọ́dọ̀ ìkẹta.”

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn báńkì àti àwọn tí ń gbé ìkànnì sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà tí ń dáhùn ìbéèrè ni wọ́n ń pè ní sáfà. Wọn a kó sáfà púpọ̀ pọ̀, wọn a sì fi apínṣẹ́ síwájú wọn. Ohun mẹ́rin ni kí a mọ̀:

1. Apínṣẹ́ lè pín iṣẹ́ yíká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sì lè wo sáfà tí ìlà rẹ̀ kúrú jù, kí ó rán ènìyàn síbẹ̀.

2. Ó ń yẹ̀ wọ́n wò. Lóòrèkóòrè ni ó ń bi wọ́n pé, “Ṣé o wà níbẹ̀?” Èyí tí kò bá dáhùn, kò ní í rán ẹnikẹ́ni sí i mọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

3. Lẹ́jà gbọ́dọ̀ bára mu. Bí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan bá ní lẹ́jà tirẹ̀, ẹni tí ó dá owó lọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́ lánàá, tí ó wá bá ìkejì lónìí, wọn á ní kò dá nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí lẹ́jà bá jẹ́ ẹyọ kan, bí a tilẹ̀ fi ogún akọ̀wé kún un, ìdí lẹ́jà yẹn ni gbogbo wọn yóò tò sí.

4. Apínṣẹ́ pàápàá gbọ́dọ̀ ní igbákejì. Bí òun nìkan bá ṣubú, gbogbo akọ̀wé yóò jókòó lásán.

Owó tí a fi ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn ń gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá: báńkì ẹni tí ó fi ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ NIBSS tí ó wà láàárín, tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò ìfowóránṣẹ́ ojú-ẹsẹ̀ ní ọdún 2011, àti báńkì ẹni tí yóò gbà á. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó lè há sọ́nà. Kò túmọ̀ sí pé ó sọnù.

Ọ̀nà pàápàá lè já. Ní 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà falẹ̀ tàbí kí ó dúró. Ẹni tí ó ní okùn mìíràn gba ibẹ̀. Ẹni tí kò ní, ó dúró de àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú èyí lò lọ́jà:

Èkíní, ẹ má ṣe gbé ọjà sílẹ̀ nítorí àwòrán rìsíìtì tí wọ́n fi hàn yín lórí fóònù. Ẹ wo iye tí ó wà nínú àkáǹtì yín fúnra yín.

Èkejì, bí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ kò bá tíì dé, ẹ má ṣe sáré fi òmíràn ránṣẹ́. Èyí tí ó há lè dé, ó sì lè padà. Ẹ kọ ọjọ́, aago, iye owó àti nọ́ńbà session tí ó wà lórí rìsíìtì sílẹ̀. Òun ni báńkì yóò fi tọpa rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó bá lè ṣe é, kí ó ní àkáǹtì ní báńkì méjì. Bí ọ̀kan bá kọ̀, a ó lo èkejì.

Ẹ̀kẹrin, ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ gbé lẹ́jà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó kọ́kọ́ bi ẹni tí yóò bá a ṣe é pé: Sáfà mélòó ni? Bí ọ̀kan bá kú, ta ni yóò gba iṣẹ́ rẹ̀? Ibo ni ẹ̀dà lẹ́jà wa wà? Ẹni tí kò bá rí èsì fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a má tíì fún un lówó.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ohun tí ó mú wa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Ọjà á tà o.