Oògùn Ọkàn Kọ́ Ni Ẹ Ó Fi Dènà Jẹjẹrẹ Fún Ìyá Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tajà ní ọjà Waterside àti Duala ní Monrovia, mo gbọ́ pé ẹ ti ń ra ásípìrìn àti propranolol, oògùn ọkàn, lọ́wọ́ àwọn black bagger tó ń kiri oògùn, ẹ ń kó o fún àwọn ìyá yín pé jẹjẹrẹ kò ní í mú wọn. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ farabalẹ̀ gbọ́.

Ẹni tó sọ ọ́ fún yín kò parọ́ tán. Ní Bordeaux nílẹ̀ Faransé, wọ́n fún ọmọ ọwọ́ kan ní propranolol nítorí ọkàn rẹ̀, ni kókó ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà nímú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọdún 2008 ni àwọn dókítà kéde rẹ̀. Kókó yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ o.

Ti ásípìrìn ló kan jẹjẹrẹ gan-an. Àwọn ìdílé kan wà tí wọ́n ń jogún àbùkù tí à ń pè ní Lynch, jẹjẹrẹ ìfun sì wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Burn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún irú wọn ní 600 míligíráàmù lójúmọ́ fún nǹkan bí ọdún méjì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ọgọ́rùn-ún tó lò ó, 9 ni jẹjẹrẹ ìfun mú; nínú ọgọ́rùn-ún tí kò lò ó, 13. Ó dùn mọ́ mi gidigidi, torí oògùn tí tálákà lè rà ni.

Ní Australia àti Amẹ́ríkà ńkọ́? Wọ́n fún àwọn arúgbó tí ara wọn yá, ẹni 70 ọdún sókè ló pọ̀ jù, ní 100 míligíráàmù lójúmọ́. Èsì jáde ní 2018: àwọn tó lo ásípìrìn ni jẹjẹrẹ pa jù, ẹ̀jẹ̀ sì dà nínú wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹgbẹ́ ìyá yín nìyẹn! Propranolol ní tirẹ̀ lè sé èémí mọ́ ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma). Síbẹ̀, bí dókítà bá kọ ọ́ fún ìyá yín nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì.

Bí kókó bá wà lọ́mú ìyá yín, tàbí tí nǹkan oṣù ti dá lára rẹ̀ tó tún ń rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má fi oògùn kankan dán an wò. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn JFK ní Sinkor lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn ọmọbìnrin yín ńkọ́? Láti 2019 ni Làìbéríà ti ní abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ẹ mú wọn lọ gbà á. Gbogbo oògùn tí ìyá bá sì ń lò, ẹ kó o dání kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.