Oògùn ọmọ: ẹ béèrè kí ẹ tó dín in kù

Ẹ ti mọ ìwé kà. Ẹ ti mọ ìṣirò. Lónìí, a óò fi méjèèjì ka ara ìgò oògùn ọmọ wa.

KÍKÀ

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìyá kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́wàá. Ọmọ náà ń wúkọ́, ó sì ń mí lemọ́lemọ́. Ìyá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wọn ọmọ, ó jẹ́ kílò 8. Wọ́n ní òtútù àyà ló ń ṣe é. Wọ́n fún ìyá ní oògùn inú ìgò. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò náà ni Amoxicilline. Wọ́n ní:

"10 ml láàárọ̀, 10 ml lálẹ́, fún ọjọ́ 5."

Nígbà tí ó dé ilé, bàbá ọmọ wo ìgò náà títí. Ó ní: "Ìyá ọmọ, ọmọ àbúrò mi ní Ṣábẹ̀, kílò 8 ni òun náà. Òtútù àyà náà ló ṣe é. 5 ml ni wọ́n ní kí wọ́n máa fún un. Kí ló dé tí tiwa fi di ìlọ́po méjì? Oògùn yìí ti pọ̀ jù fún ọmọ. Ààbọ̀ rẹ̀ ni kí o fún un."

Ìyá ọmọ dáhùn pé: "Bàbá ọmọ, ẹ má bínú. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ẹ jẹ́ kí n padà lọ béèrè lọ́wọ́ wọn ná."

Ta ló ṣe dáadáa nínú àwọn méjèèjì? Ìbéèrè bàbá dára. Bàbá tó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ ni. Ìdáhùn tí ó fún ara rẹ̀ ni kò dára. Ìyá gbé ìbéèrè náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó lè dáhùn rẹ̀.

ÀLÀYÉ

Nígbà tí ìyá dé ọ̀hún, olùtọ́jú kò bínú. Ó ní: "Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè." Ó fi ara ìgò hàn án. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: 125 mg / 5 ml. Ìyẹn ni pé nínú 5 ml omi oògùn náà, ojúlówó oògùn tó wà níbẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 125.

Ìgò mìíràn wà tí wọ́n kọ 250 mg / 5 ml sí lára. Ìyẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ó:

Ìgò Kétu: 5 ml jẹ́ 125 mg. Nítorí náà 10 ml jẹ́ 250 mg.
Ìgò Ṣábẹ̀: 5 ml jẹ́ 250 mg.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Oògùn kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ń mu, iye kan náà sì ni. Omi tó wà nínú rẹ̀ ni kò dọ́gba. Bí bàbá yìí bá fún ọmọ rẹ̀ ní 5 ml, ààbọ̀ oògùn ni ọmọ gbà. Àìsàn á sì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi oògùn ọmọ yín wé ti ọmọ aládùúgbò. Ìwúwo ọmọ, irú àìsàn, àti bí oògùn inú ìgò ti le tó, àwọn ni olùtọ́jú ń wò. Ẹ má sì mú iye tí a kọ síbí yìí fún ọmọ tiyín. Àpẹẹrẹ ni.

BÍ OÒGÙN KÒ BÁ TÓ, BÍ Ó BÁ PỌ̀ JÙ

Amoxicilline wà lára àwọn oògùn tí à ń pè ní àntibiótíìkì. Ó ń pa irú kòkòrò àrùn kan nínú ara. Kì í wo ibà. Kì í wo ọ̀fìnkìn lásán.

Bí ohun tí a fún ọmọ kò bá tó, kòkòrò tí kò lágbára á kú, èyí tó lágbára á kù, á sì máa bí sí i. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n: bí a bá gé orí koríko tí a fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀, ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn òjò méjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1928, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alexander Fleming rí pẹnisilíìnì. Ẹbí kan náà ni òun àti Amoxicilline. Ní ọdún 1945, Fleming fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé bí oògùn tí a lò kò bá tó, kòkòrò á kọ́ bí a ti í fara dà á.

Bí oògùn bá sì pọ̀ jù, inú ọmọ lè bàjẹ́, ó lè máa bì, ó lè máa yàgbẹ́.

Ẹ rántí pé ènìyàn ni olùtọ́jú náà. Ọwọ́ rẹ̀ lè ṣì kọ iye mìíràn sínú ìwé. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ó fi yẹ kí á béèrè. Bíbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

OHUN TÍ A Ó BÉÈRÈ KÍ Á TÓ KÚRÒ NÍ ILÉ ÌWÒSÀN

1. Kí ni oògùn yìí ń wò?
2. Ẹ ti wọn ọmọ mi? Kílò mélòó ni?
3. ml mélòó? Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́? Ọjọ́ mélòó?
4. Omi mélòó ni kí n pò ó mọ́, báwo ni mo sì ṣe máa tọ́jú rẹ̀?
5. Bí ọmọ bá bì í ńkọ́?
6. Nọ́ńbà wo ni mo lè pè bí n kò bá mọ ohun tí n ó ṣe?

Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ̀yin náà kà á sí wọn létí.

NÍ ILÉ

Oògùn yìí máa ń rí bí ìyẹ̀fun nínú ìgò. Omi mímọ́ tí a sè tí ó ti tutù ni kí ẹ pò ó mọ́, kí omi dé ojú àmì. Ẹ mi ìgò dáadáa kí ẹ tó wọn oògùn nígbàkúùgbà. Ife kékeré tàbí ṣíbí tó bá ìgò wá ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí ọbẹ̀ kò dọ́gba láti ilé dé ilé.

Bí ara ọmọ bá yá ní ọjọ́ kejì, ẹ má dáwọ́ dúró. Ẹ lò ó pé ọjọ́ tí wọ́n dá. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ má tọ́jú rẹ̀ de ọmọ mìíràn.

Ẹ gbé ọmọ padà kíákíá, àní lóru, bí kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí ó bá ń bì gbogbo nǹkan, bí gìrì bá mú un, bí kò bá ṣeé jí, bí àyà rẹ̀ bá ń wọlé nígbà tó bá ń mí, tàbí bí ojú rẹ̀ bá wú lẹ́yìn oògùn.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Ọmọ Kétu ń mu 10 ml lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. ml mélòó ni lójúmọ́ kan? ml mélòó ni fún ọjọ́ 5?
2. Ìgò kan gba 60 ml. Ọjọ́ mélòó ni yóò tó ọmọ náà? Ìgò mélòó ni ìyá gbọ́dọ̀ gbà? Ẹ rántí: a kì í po ìgò kejì títí ìgò àkọ́kọ́ á fi tán.
3. Ẹ mú ìgò oògùn kan wá sí kíláàsì. Ẹ ka iye mg àti ml tó wà lára rẹ̀.
4. Ẹ kọ gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹta: Bí oògùn ọmọ kò bá yé mi, mo máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fún mi.